Omi Tí Mo Tì Mọ́ Àwọn Ará Ìsàlẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ohùn mi ṣì ń jáde. Àwọn dókítà ti ṣíwọ́ irọ́ pípa fún mi, èmi náà sì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ tèmi. Èmi ni ọ̀gá àwọn tí ń pín omi ní ìlú yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń dágbére fún mi, wọ́n ní n kò fi ohunkóhun ṣòfò rí láyé mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo fi pa ènìyàn gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni ìlú wa pín sí. Òkè ni àwọn aláṣẹ àti àwa òṣìṣẹ́ àgbà ń gbé, páìpù tuntun ló sì gbé omi lọ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni àwọn tí ń gbálẹ̀ fún wa, tí ń fọṣọ fún wa, tí ń ránṣọ fún wa ń gbé. Páìpù tiwọn ti dípẹtà kí n tó gba iṣẹ́. Ó ń jò káàkiri, ó sì gba inú gọ́tà kọjá. Ìgbìmọ̀ ìlú kò tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ń ráyè gbin òdòdó sí Òkè. Ní tèmi, omi tí ń ṣòfò nílẹ̀ máa ń dùn mí bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ mi ni. Mo bá gbé òfin kalẹ̀: bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ìyẹn irin gígùn tí a fi ń ti omi lábẹ́ ilẹ̀, kí omi Ìsàlẹ̀ dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Omi tí a bá rí fi pamọ́ á gba Òkè lọ. Ilé iṣẹ́ yìn mí. Inú ìwé tí olùkọ́ tí n kò fojú rí rí ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti kọ́ iṣẹ́, mo sì mọ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ bí ẹni mowó: páìpù tó ń jò, bí omi bá ti tán nínú rẹ̀, yóò máa fa ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọlé. Gọ́tà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù Ìsàlẹ̀. Mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé n kò mọ̀.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní Ìsàlẹ̀. Aránṣọ ni, opó sì ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ẹlẹ́rìn-ín ni a ń pè é, nítorí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, àbúrò mi gbé ife omi fún mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò. Ó máa ń rùn ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i. Ṣé kí n máa sè é ni?" Ọmọ náà dá sí i: "Màmá, ṣebí ẹ̀gbọ́n yín ni ọ̀gá omi. Ẹ ní kí wọ́n bá omi náà wí, kó lọ wẹ̀." A rẹ́rìn-ín. Mo gbé ife náà sílẹ̀ láìfẹnu kàn án. "Omi wa dára," ni mo wí. "Má fi kẹrosíìnì ṣòfò." Ó gbọ́ tèmi. Láti kékeré ló ti máa ń gbọ́ tèmi.

Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru fi bẹ́ sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ń dá àwọn ọmọ ibẹ̀ padà sílé pé ọ̀bùn ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ ìlera rán wolé-wolé wá kọ́ àwọn òbí wọn bí a ṣe ń fọwọ́. Ẹ̀tẹ̀ ni a fi sílẹ̀ tí a ń pa làpálàpá, èmi ni wọ́n sì pè síbi ìpàdé àwọn òbí náà pé kí n wá jẹ́rìí sí omi. Obìnrin afọṣọ kan dìde láàárín èrò. "Ọ̀gá wolé-wolé, ọwọ́ tí ẹ ní ká fọ̀ yìí, àtàárọ̀ ni omi ti lọ. Ṣé itọ́ la ó fi fọ̀ ọ́?" Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ bi Má-fi-ṣòfò, òun ló ni omi." Orúkọ tí wọ́n fún mi nìyẹn. Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú. Mo ní ọ̀bùn kì í mọ ara rẹ̀ lọ́bùn. Omi kan náà ni Òkè ń mu, ẹnikẹ́ni kò sì ṣàìsàn níbẹ̀. Wolé-wolé fún mi ní ìgò kí n bu omi Ìsàlẹ̀ sí i fún àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ omi ilé mi ní Òkè ni mo ti bu ú. Àyẹ̀wò ní omi náà mọ́ tónítóní, ọkàn gbogbo àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ńlá wọ̀nyẹn sì balẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní páìpù kò lẹ́bi. Ilé ìwòsàn ní ìwà ọ̀bùn ni. Ilé ẹ̀kọ́ ní ṣebí àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀. Nínú wa, kò sẹ́ni tó pa ènìyàn; kálukú ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ni, àwọn ará Ìsàlẹ̀ sì ń kú.

Ẹlẹ́rìn-ín kú. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, àbúrò mi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, aṣọ oníbàárà ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Kò sunkún. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin kì í parọ́. Ṣé ọwọ́ mi yìí ni mo fi pa ọmọ mi?" Òtítọ́ wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ilé Òkè sì bọ́. Mo ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé o kì í fara balẹ̀ fọwọ́." Kọ́kọ́rọ́ yẹn burú, ìgò yẹn burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ló burú jù. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ọmọ fún un, ṣe ló máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn. Orí rẹ̀ ti funfun báyìí, ó ṣì ń kó o sẹ́yìn.

Láìpẹ́ yìí mo ránṣẹ́ pè é, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá ní, "Nígbà tí àìsàn náà mú un, mo gbé omi kaná kí n sè é fún un. Mo rántí ohun tí ẹ sọ, mo pa sítóòfù." Ó dìde, ó lọ. Kò tíì padà wá, n kò sì ní ẹnu tí n ó fi bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo kọ́ níṣẹ́, tí ẹ ń wá kí mi tàdúrà-tàdúrà, mo gbọ́ pé òfin mi ni ẹ ṣì ń tẹ̀ lé, pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ẹ ṣì ń yí kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ẹ má bá mi tọrọ ìdáríjì. Èmi àti Ọlọ́run ni yóò jọ yanjú ìyẹn. Ẹ lọ sọ fún àwọn ìyá tó wà ní Ìsàlẹ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ wọn. Ẹ hú páìpù yẹn jáde. Títí tí ẹ ó fi rí tuntun rọ́pò rẹ̀, ẹ ṣí omi fún wọn tọ̀sán-tòru. Bó bá ń jò, ẹ jẹ́ kó ṣòfò.