Ọ̀rọ̀ Tí Mo Pa Mọ́ Aisha Lẹ́nu

Ẹ̀yin ìyá alásàlátù, ẹ má tíì ká ẹní yín. Àdúrà ti parí, ṣùgbọ́n òótọ́ kan wà láyà mi tó ń lù kìkì. Bí mi ò bá tú u síta láàárọ̀ yìí, yóò pa mí. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Sàídátù, ìyá Nùréènì, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin yín ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Agége láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Kéwú yẹn kan náà ni mo fi pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu mọ́. Alfa Ishaq, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yín ni mo ń wí.

Ẹ rántí ìdíje tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe omi apakòkòrò tí a fi ń ra ọwọ́ ní Ìkejà ṣe fún ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tó parí ní Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá borí, inú láàbù ni wọ́n máa mú un wọ̀, kí wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po nǹkan. Ẹni tí kò bá borí, ìdí páálí ló ń lọ, kó máa to ìgò. Nùréènì ọmọ mi ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù níbẹ̀, Alfa ń ṣọ́ géètì. Nígbẹ̀yìn, ó wá ku Simbiat ọmọ Nùréènì àti Aisha ọmọ Alfa. Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo ni wọ́n fún àwọn méjèèjì lọ sílé: alcohol. Kí wọ́n wá sọ bí wọ́n ṣe ń pè é, ohun tó túmọ̀ sí, àti ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà, Aisha sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, kò tilẹ̀ rántí kúnlẹ̀.

"Màmá Àgbà! Mo ti rí i! Bọ̀dá mi tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village ló bá mi wá a. Lárúbáwá ni! Al-kuhl! Tìróò, Màmá! Tìróò tó wà lójú yín yẹn!"

Ẹ̀yin èèyàn, orí mi wú. Tìróò tí ìyá mi lé sí mi lójú ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló rìn títí tó dé ẹnu òyìnbó! Ọmọ náà ń fò sókè bó ṣe ń ṣàlàyé. Ó ní tìróò tí wọ́n lọ̀ kúnná ni àwọn Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó gba orúkọ náà, wọ́n fi ń pe ohunkóhun tí wọ́n bá lọ̀ kúnná. Nígbà tó yá, wọ́n fi ń pe ohun tí wọ́n bá sè, tí wọ́n fa ojúlówó inú rẹ̀ yọ, títí tó fi kan ti inú ọtí.

"Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àbí, Màmá?"

Kò sí. Mo mọ̀ pé kò sí. Ṣùgbọ́n Simbiat mi wà ní yàrá ẹ̀yìn níbi tí kò ti lè gbọ́ wa, ó ń ka ìwé bí ẹni ń jẹ òkúta, kò sì tíì rí nǹkan kan dì mú. Mo bá ba ojú jẹ́.

"Astaghfirullah! Aisha ọmọ Alfa! Ìwọ lo máa di makirofóònù mú, kí o ní èdè Kùránì ló bí ọtí?"

"Ṣùgbọ́n Màmá, tìróò ni..."

"Dákẹ́! Ta ló máa gbọ́ tìróò níbẹ̀? Ọtí ni wọ́n máa gbọ́! Báwo ni bàbá ẹ ṣe máa gbójú sókè ní mọ́ṣáláṣí?"

Ọmọ náà wá rántí kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Bàbá mi. Mi ò ní sọ ọ́."

Nùréènì ń jẹ ẹ̀wà ní kọ̀rọ̀. Bí Aisha ṣe jáde, ó bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ̀yin náà burú o!" Mo ní kó jẹun ẹ̀. Ìkà ni mí, ẹ má wò mí báyìí! Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi gbogbo àlàyé Aisha sí Simbiat lẹ́nu bí ẹni ń rọ ọmọ lẹ́kọ. "Màmá, ta ló sọ fún yín?" "Ṣé mi ò kéwú ni?"

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Aisha ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, wọ́n ní kí Simbiat dúró níta. Aisha pe ọ̀rọ̀ náà, ó gbé ohùn sókè níbẹ̀rẹ̀, ó rọra sọ ìrù ẹ̀ kalẹ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní òun ló wà nínú ọtí tó ń pa èèyàn, òun náà ló wà nínú omi apakòkòrò tó ń pa kòkòrò. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Olúgbénró, ọ̀gá tó ń ṣe adájọ́, ní, "Ó ku origin, ibi tó ti ṣẹ̀ wá." Ọmọ náà la ẹnu. Mo rí i, ó ti dé orí ahọ́n ẹ̀! Ó wo bàbá ẹ̀, bàbá ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó wá wo èmi.

Mo mi orí. Díẹ̀ báyìí, bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Aisha pa ẹnu dé. "Sir, I don't know."

Simbiat wọlé, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbọ̀ngàn hó yèè. Mo jó! Mo jó títí okùn bàtà mi fi já. Ibẹ̀ ni Aisha ti wá kúnlẹ̀ fún mi. "Màmá Àgbà, ẹ ṣé tí ẹ ò jẹ́ kí n dẹ́ṣẹ̀. Simbiat tó sọ ọ́ ló ń ṣe mí láàánú, mo máa bá a tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run." Ijó tán lẹ́sẹ̀ mi.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Simbiat. Ó figbe ta: "Màmá! Ipò Aisha lẹ gbé fún mi! Mi ò fẹ́!" Mo ti lọ bá Olúgbénró. Ó ní, "Màmá, Mọ́ńdè ni Simbiat máa wọ inú láàbù. Tí ọmọ yẹn bá wá sọ ọ́ fúnra ẹ̀ kó tó dìgbà náà, a máa gbọ́ ọ." Ọ̀la ni Mọ́ńdè! Ṣùgbọ́n Aisha ò lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní àánú òun ló kàn ń ṣe mí, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, èmi fúnra mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ tí mo gbìn sí i ti ta gbòǹgbò, agbára mi ò gbé e mọ́.

Ẹ̀yin ọmọdé, bí àgbàlagbà bá ní nǹkan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín. Ẹ má ṣe ojú àánú, kódà kó jẹ́ èmi.

Alfa, ẹ dárí jì mí tó bá wù yín. Tí kò bá wù yín, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ fi tèmi sílẹ̀ ná. Aisha wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ pè é wá. Ẹ̀yin bàbá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ sọ fún un pé kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá bi í léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Tó bá lè sọ ọ́ níbí, á lè lọ sọ ọ́ fún Olúgbénró lónìí. Ẹ̀yin ìyá, kó tó dáhùn, ẹ bá mi yí àga mi kọjú sí ògiri, kó má baà wo ojú mi.