Ìyá Ṣàfíù, Ta Ni Kó Wá Jẹ Ẹyin Wọ̀nyí?

Rárá o, Ìyá Ṣàfíù, ẹ má dìde, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ lọ ká aṣọ lórí okùn, aṣọ ò tíì gbẹ, mo fọwọ́ kàn án nígbà tí mò ń wọlé bọ̀. Ẹ jókòó. Èmi náà á jókòó, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pọn omi fún adìẹ, igba adìẹ, tí ń mu omi bí ẹni tó lá iyọ̀, mo tún ṣa ẹyin, mo kó o sínú agbọ̀n, agbọ̀n keje nìyẹn nínú yàrá mi, n kò rí ibi tẹ́ ẹní mọ́. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Nítorí kí ni? Nítorí ọ̀rọ̀ tí ẹ lọ sọ lẹ́nu kànga!

Hẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀yin ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ṣé èmi ni mo lọ bá àwọn ìyá ọmọ lẹ́nu kànga láàárọ̀ ọjọ́ Àtìní, pé kí wọ́n ṣọ́ ọmọ wọn o, pé ìjọba fẹ́ máa bọ́ ọmọ wọn ní ẹyin nílé-ìwé, pé ọmọ tó bá ti mọ adùn ẹyin ní kékeré, yóò di olè? Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Ìyálé mi. Ẹni tí a jọ fẹ́ ọkọ kan, tí a jọ ṣe opó rẹ̀ nínú yàrá kan fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ ará ìta ló ṣe é, ǹ bá ti bú u, ǹ bá sì lọ sùn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá kọ́kọ́ ti ọ́fíìsì àgbẹ̀ wá? Ẹ rántí, ẹ̀yin lẹ bu omi fún un. Ibi tí ẹ jókòó sí yìí gan-an ló jókòó sí. Ó ní a ti gba òmìnira, ọdún kẹta nìyí, kò yẹ kí ọmọ wa tún máa dúró de mílíìkì inú agolo láti òkè òkun, oko tiwa ni kí oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ ilé-ìwé ti máa wá. Ó ní ìjọba ń fún àgbẹ̀ ní owó ìrànwọ́ sí i, kì í ṣe àwìn. Àwọn ará Imini á máa kó ẹ̀wà wá, kí ẹnì kan ní Fìdítì sì máa sin adìẹ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa rí ẹyin sísè kan jẹ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn á fún ẹni náà ní páànù, àwọn á fún un ní wáyà, àti òròmọdìẹ, àti oúnjẹ wọn. Mo wo ojú yín. Ẹ ní, “Sàúdátù, gbà á, àlùbáríkà ni.” Ẹnu yìí náà ni o!

Kí lẹ wí? Ẹ gbọ́ “páànù” lọ́jọ́ náà, ẹ ò gbọ́ pé ọmọ ló máa jẹ ẹyin? Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni mo gbọ́ tí mo fi gé igi ọsàn mẹ́jọ. Igi tí baálé wa fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tí mo ti ń ká ọsàn rẹ̀ lọ sí etí títì láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, tí àwọn onímọ́tò tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ fi ń pè mí ní Ìyá Ọlọ́sàn. Mo ní kí wọ́n gé e lulẹ̀, mo dúró tì í, mo sunkún díẹ̀, mo nu ojú mi, mo ní kí wọ́n kọ́ ilé adìẹ síbẹ̀. Bí wọ́n bá wá kó adìẹ náà lọ, kí ni kí n gbé lọ sí etí títì? Ṣé kùkùté igi ni kí n máa bó fún onímọ́tò?

Ẹ tún ti mú ọ̀rọ̀ Sìrájù dé. Mo ti mọ̀ pé ẹ máa mú un dé. Sìrájù àbúrò yín máa ń jẹ ẹyin inú ìtẹ́ adìẹ ní kékeré, Sìrájù wá di olè, wọ́n lé e kúrò nílùú. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Ṣebí Sìrájù kan náà jẹ iṣu, ó mu ẹ̀kọ, ó mu omi odò, ẹ ò sọ pé omi odò ló bà á jẹ́. Ó jí ẹyin, Ìyá Ṣàfíù, ẹ gbọ́ mi o, ó jí i ni! Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan fún un ní ọ̀kan lójúkojú, tó ní “gbà, jẹ ẹ́”, kí ló tún fẹ́ wá inú ìtẹ́ lọ?

Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ó ṣì ń dùn yín, n kò wá síbí láti fi àbúrò yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ò sí nílé-ìwé lọ́jọ́ Àtàláátà. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo wọ aṣọ tí mo fi ṣọdún Iléyá, ẹ rí mi nígbà tí mò ń jáde. Tíṣà Dorothy ti se ẹyin láti òwúrọ̀, ó tò ó sínú àwo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀wà Imini ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí àwọn ìyá ọmọ lẹ́bàá ọgbà, wọ́n káwọ́ mọ́ àyà. Àwọn ọmọ jẹ ẹ̀wà, wọ́n yí ẹyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni ń ṣa òkúta. Tíṣà Dorothy bẹ̀ wọ́n, ó bá wọn wí, ó tilẹ̀ bó ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ lójú wọn, àwọn obìnrin ní ọmọ ilé míṣọ̀n ṣáà ni, kò sí ohun tí wọn kì í jẹ níbẹ̀. Ni Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá, tó wá wo bí wọ́n ṣe ń jẹun, bá béèrè pé ta ni ọmọ ẹni tó ni adìẹ. Wọ́n pe Hàwáù.

Hàwáù tèmi! Ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó jẹ́ pé orí ẹní yín ló ń sùn, tí kì í gbà kí ẹlòmíràn di irun rẹ̀ àfi ẹ̀yin. Ó jáde síwájú, ó kúnlẹ̀ kí ọkùnrin náà, ó wo ẹyin, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, omijé ti dé ojú rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kì í ṣe olè.”

Yéè! Ìyá Ṣàfíù, wọ́n pàtẹ́wọ́ o! Wọ́n ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, wọ́n ní kí Ọlọ́run dá a sí. Ọmọ mi sì yíjú wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo fẹ́ ba òun jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá ò bínú, ìbá sàn kó bínú, ó kàn ń kọ̀wé. Ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, bí àwọn ọmọ ò bá jẹ ẹ́, kí n má bínú sí òun, àwọn ará Ilora ti ní àwọn fẹ́ adìẹ náà, ọkọ̀ á wá kó o, á sì tú páànù pẹ̀lú. Òní ni Alámìísì. Ọ̀la ni Jímọ̀.

Kí n kó ẹyin lọ tà n'Íbàdàn kẹ̀? Mo ti tẹ̀ka sínú ìwé pé ti ọmọ ilé-ìwé ni. Ẹ fẹ́ kí n wá di olè lóòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí n tilẹ̀ sọ èyí tó ń dùn mí jù. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ní èṣí, nígbà tí Hàwáù mú ẹyin kan tó ti sán lábẹ́ adìẹ ilé, tó rì í sínú eérú gbígbóná lẹ́yìn àdògán, ta ló fi ata kùn ún lẹ́nu? Èmi ni. Ta ló ń pariwo “olè, olè” tí gbogbo agbo ilé gbọ́? Èmi yìí náà. Ẹ̀yin lẹ sáré jáde wá gbà á lọ́wọ́ mi, tí ẹ fi epo pa á lẹ́nu kí ata lè rọlẹ̀. N kò tíì bá a sọ nǹkan mìíràn lórí ọ̀rọ̀ ẹyin láti ọjọ́ náà. Ìjọba gbé adìẹ dé, mo wá ń retí kí ọmọ gbàgbé. Ó rẹ̀ mí, Ìyá Ṣàfíù. Ara ń ro mí, ọkàn ń ro mí, òórùn adìẹ ò kúrò lára mi mọ́ bí mo tilẹ̀ fi odidi ọṣẹ wẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín ò pọ̀. Kí a jọ lọ sí ilé-ìwé lọ́la. Kí ẹ bó ẹyin kan lójú àwọn ìyá ọmọ wọ̀nyẹn, kí ẹ jẹ ìdajì, kí ẹ fún Hàwáù ní ìdajì. N kò ní kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí èmi bá fún un, á kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti ọwọ́ yín wá, á jẹ ẹ́, àwọn yòókù á sì tẹ̀lé e. Ẹ̀yin ni wọ́n gbà gbọ́.

Kí lẹ wí? Ẹ sọ ọ́ sókè. Ẹ ò tíì… ẹ ò tíì jẹ ẹyin rí? Láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń dín in fún baálé wa, tí ẹ ń sè é fún àlejò, ẹ ò fi kan ẹnu rí? Ẹ̀rù ń bà yín? Ẹ̀rù kí ni? Pé kó má ṣe yín bíi ti Sìrájù? Ní ọjọ́ orí yín yìí! Kí lẹ fẹ́ jí, ọ̀pá ìtilẹ̀ Lèmọ́ọ̀mù?

Háà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń fi rẹ́rìn-ín, wàláhì, ara mi ni. Èmi náà ò jẹ ẹ́ rí! Igba adìẹ, Ìyá Ṣàfíù! Mò ń ṣa á, mò ń nù ún, mò ń gbé e lérí, n kò mọ̀ bóyá ó dùn tàbí ó korò.

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín, ẹ ó subú lórí àpótí. Méjì rèé, mo se é wá, ẹ gba tiyín. Ẹ fi lu ògiri díẹ̀, èèpo rẹ̀ á ṣí. Bísímílà. Ká jọ fi kan ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la tí wọ́n bá ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò lábẹ́ ẹní wa, èmi fúnra mi ló máa ru adìẹ náà lọ sí Ilora.