Ìlà Omi Tí Mo Fi Ọ̀dà Funfun Pa Rẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú ń tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Bí òjò bá ti ń ṣú báyìí, n kì í lè wo ojú ìyàwó mi.

Lébìrà ni mí ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ẹrù ni mò ń gbé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ. Agége ni mò ń gbé, nínú ilé kan tó kẹ̀yìn sí kánáàlì. Ìgbàkígbà tí àgbàrá bá wọlé, tó sì fà tán, màmá onílé wa á mú ọ̀dà dúdú, wọ́n á fa ìlà sí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí omi dé, wọ́n á kọ ọdún rẹ̀ sí i. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, èyí tó ga jù kàn mí ní ìbàdí. Kò sí ayálégbé tí màmá kì í kọ́kọ́ mú dé ibi ògiri yẹn kí wọ́n tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á ní ohun tí kò bá fẹ́ kó tutù, kó gbé e ga ju ibẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe gbé ibùsùn wa lé búlọ́ọ̀kù.

Ọdún kẹfà tí ìyàwó mi àkọ́kọ́ ti kú ni mo pàdé Ṣàdíátù, opó tó ń ta ẹran ní Oko Ọba. Ẹnu mi kì í yá, òun ló ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì. Nígbà tó ní òun fẹ́ wá wo ibi tí mò ń gbé, ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rántí. Obìnrin wo ló máa rí ìlà mẹ́rin yẹn tí kò ní sá? Màmá ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Mo ra ọ̀dà funfun, mo kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Àwọn ará ilé ń pè mí ní ọkọ ìyàwó, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣàdíátù dé, ó wò yíká, ó ní ilé wa mọ́ tónítóní.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó gbé firísà tó fi ń tọ́jú ẹran wá. Ilẹ̀ ló gbé e sí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, n kò sọ.

Àárọ̀ Sátidé kan ni màmá ti ìrìn àjò dé, òjò sì tẹ̀lé wọn wọlé. Wọn ò tíì tú ẹrù tí kánáàlì fi kún, omi gba ẹ̀yìn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dé orúnkún wa. Firísà Ṣàdíátù léfòó, ó ń rọra lọ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Màmá ké sí Ṣàdíátù pé kó gbé e ga ju ìlà lọ.

“Ìlà wo, mà?”

Màmá na ọwọ́ sí ògiri. Funfun báláú! Gbogbo ilé yíjú sí mi.

“Èmi ni,” mo ní. “Mo rò pé bó bá rí i, kò ní fẹ́ mi.”

Ṣàdíátù di etí firísà kan mú, mo di èkejì. A jọ gbé firísà náà sórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ ti mu omi yó. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá mi sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń sọ ti ẹni méjì! Mo ti gbà pé yóò kó lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, màmá ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ mí lọ́wọ́ pé kí n dá ìlà wọn padà. Bí àwọn ará ilé ṣe ń jiyàn lórí ibi tí omi dé lọ́dún wo, Ṣàdíátù wá bá mi di agolo ọ̀dà mú. Mo rọra bi í pé ká ní ó ti rí àwọn ìlà yìí ńkọ́?

“Màá ṣì wá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n orí tábìlì ni màá gbé firísà mi sí, ọ̀gbẹ́ni.”

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ bá ń mú obìnrin wálé, ẹ jẹ́ kó rí ibi tí omi máa ń dé. Ìyàwó tèmi ti ròyìn mi kárí ọjà. Gbogbo alápatà Oko Ọba ló ń pè mí ní Bàbá Ọlọ́dà báyìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n máa dáhùn ni?