Èmi Ni Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́ Ojú Tíṣà Dáre

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ mí lókò. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Tíṣà Dáre mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, pé kí n gbàdúrà fún un kó tó lọ sí yunifásítì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ẹni tí màá jẹ́wọ́ fún.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, mo gbé iṣẹ́ ìwádìí másítà mi wálé sí Ọ̀wọ̀. Iṣẹ́ kúáńtọ́ọ̀mù ni, ẹ̀ka físíìsì kan. Mo ń dá ṣe léésà, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná fa ìmọ́lẹ̀ jáde lára afẹ́fẹ́. Kò sí ọ̀gá kankan lórí mi, orí kunkun ni mo fi ń ṣe é. Tí iná bá fò nínú rẹ̀, á dún gbàù bí ìbọn.

Àsìkò ọdún Igogo ló bọ́ sí. Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé a kì í lùlù, a kì í yìnbọn, títí ọdún á fi parí. Èmi náà mọ̀. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ta ló máa gbọ́? Mo tan ẹ̀rọ náà, ó dún gbàù. Kíá, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti kún àgbàlá pẹ̀lú igi àti àdá.

"Ta ló yìnbọn?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wọ́n á fọ́ ẹ̀rọ mi, wọ́n á fọ́ orí mi tẹ̀ lé e. Tíṣà Dáre, ọmọ Àkókó, ló ń gbé yàrá kejì. Ó ní ìbọn tó fi ń pa ọ̀yà lóko Isuada. Mo ní, "Ẹ wo yàrá tíṣà."

Wọ́n já ilẹ̀kùn, wọ́n rí ìbọn. Ó ń ké pé, "Ẹ fọwọ́ kan ẹnu ìbọn náà, ó tutù!" Wọ́n lù ú títí eyín fi ń jábọ́. Ẹnìkan fi ìdí ìbọn náà gún un lójú òsì, ojú náà fọ́. Mo dúró, mò ń wò.

Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni mo gbé e lọ sọ́sibítù. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní olùgbàlà òun. Léésà náà tàn. Mo gboyè.

Lọ́jọ́ tí Tíṣà mú ọmọ rẹ̀ wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí ọmọ náà kúnlẹ̀. "Ọpẹ́lọpẹ́ bọ̀ọ̀dá yìí, o ò bá ti di ọmọ òrukàn. Físíìsì tí wọ́n kà ni kíwọ náà kà." Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo ṣàdúrà.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ òótọ́. Bàbá àti ọmọ, èwo ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?