Okùn Àwọ̀n Tí Mo Fi Wọn Orí Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, Ọlọ́run tó jẹ́ kí pákó afárá tó ti jẹrà yẹn gbà mí wọlé láàárọ̀ yìí, tí kò jẹ́ kí èmi àti ọmọ tó wà lẹ́yìn mi já sómi, òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bá mi sọ pé Ọlọ́run tóbi! Ẹ ṣé. Ẹ jókòó o, nítorí ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Mojísọ́lá tó ń hun àwọ̀n, ìyàwó Akínwálé, tí ilé wa wà létí òkun níbí ní Oríòkè-Ìwàmímọ́. Ọmọ tí mo pọ̀n yìí ni Olúwańbẹ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Àwọn kan nínú yín á rántí pé mo ti jẹ́rìí lórí rẹ̀ rí nínú ìjọ yìí, nígbà tí ìjà odò ṣì ń gbóná. Ẹ jó lọ́jọ́ náà. Ìyá Ìjọ tú gèlè orí wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí n jó lé e. Ẹ̀rí ọjọ́ náà kì í ṣe òótọ́. Òun ni mo wá tún ṣe lónìí.

Ọmọ oṣù méjì ni nígbà tí ibà líle kan ṣe é. Ara rẹ̀ le gbagidi. A gbàdúrà, ibà náà lọ, a sì ń yọ̀, àfi bí orí rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ìyá ọkọ mi ní orí olówó ni, pé bàbá àwọn náà lórí báyìí, ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì ní kí wọ́n tó kú. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Ta ni kò fẹ́ kí orí ọmọ òun jẹ́ orí olówó? Ṣùgbọ́n àwùjẹ̀ rẹ̀ wú jáde, ó le, awọ orí ń dán, iṣan ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá ń wo ìsàlẹ̀ nígbà gbogbo, bí oòrùn tó fẹ́ rì sínú òkun. Bí mo bá gbé e, orí yẹn á wọ́ sẹ́yìn, kò lè gbé e dúró.

Ìjọba fi nọ́ọ̀sì kan ránṣẹ́ sí wa nígbà náà, ará Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rù omi ń bà débi pé ìdí ló fi ń wọ́ kọjá lórí afárá wa. Àwọn ọmọ wa a máa fi í ṣẹ̀sín. Òun ló fa téèpù yọ, tó wọn orí ọmọ mi, tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, “Màmá Olúwańbẹ, omi ló ń gbárajọ sínú orí ọmọ yín. Kò ríbi jáde. Ẹ gbé e lọ sí Igbokoda, kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ orí fún ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Tó bá pẹ́, ojú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bá a lọ.”

Mo ní, “Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò gbọ́ pé wọ́n ń yìnbọn lójú odò ni?”

Òótọ́ sì ni. Àwọn tí a jọ ń nájà, tí a jọ ń jókòó jẹ púpurú lórí àga kan náà, la wá ń sá fún, tí àwọn náà ń sá fún wa. Bóòtù tó bá gba inú odò lọ sí Igbokoda, a kì í mọ̀ bóyá yóò padà. A máa ń rí èéfín ilé tó ń jó láti iwájú ilé wa. Nọ́ọ̀sì ní ó dáa, títí odò á fi rọ̀, kí n máa gbé ọmọ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí òun máa wọn orí rẹ̀. Èmi tí mo ń hun àwọ̀n láti kékeré! Èmi tí mo ń fi ìka lásán mọ ojú àwọ̀n tí ẹja kékeré lè gbà jáde! Mo ní mo lè wọ̀n ọ́n fúnra mi nílé. Mo gé okùn àwọ̀n tuntun, mo yí i ká orí ọmọ, mo ta kókó síbi tó ti pàdé. Ọ̀sẹ̀ kejì, orí ti kọjá kókó yẹn, mo ta òmíràn síwájú. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Mo wá gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Nígbà tí mo ṣínu, mo mú okùn, mo wọn orí ọmọ. Ó pàdé lórí kókó tó gbẹ̀yìn! Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún pàdé. Orí ti dúró! Mo sáré wá síbí, mo gbé okùn náà sókè kí gbogbo yín lè rí i, ẹ sì jó.

Ọjọ́ kẹta ẹ̀rí yẹn ni ìbọn dákẹ́ díẹ̀. Bóòtù kan wá kó àwọn aboyún àti àwọn aláìsàn lọ sí Igbokoda. Nọ́ọ̀sì fìdí wọ́ wá sílé wa, ó ní kí n di ẹrù.

Mo ní, “Ọmọ mi ti gba ìwòsàn. Ṣé ẹ ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?”

Ó ní kí n jẹ́ kí òun fi téèpù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Mo kọ̀. Mo ní téèpù rẹ̀ máa da ìgbàgbọ́ mi rú. Ó wo ọmọ, omi bọ́ lójú rẹ̀. Bóòtù lọ. Ó tó ọjọ́ méjì, ìbọn tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, gbogbo ẹni tó ń hun àwọ̀n níhìn-ín mọ̀ pé okùn tuntun máa ń fà. Kí a tó fi hun nǹkan, a ó so ó mọ́ òpó, a ó fà á títí kò fi ní lè fà mọ́. Ọmọ ọdún méje mọ̀ ọ́n. Èmi ò fa tèmi kí n tó fi wọn orí ọmọ. Mi ò sì ní tàn yín nílé Ọlọ́run, kì í ṣe pé mo gbàgbé nìkan. Lẹ́yìn ààwẹ̀ yẹn, nígbà tí okùn kù díẹ̀ kó pàdé, mo fà á. Díẹ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ mi mọ̀, ọkàn mi ni kò fẹ́ mọ̀. Ọlọ́run ò parọ́ fún mi o. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn tí bóòtù yẹn lọ, oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan la fi há sílé. Ọmọ ò mu ọyàn mọ́, ó ń bì. Mo ju ọwọ́ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ ò tẹ̀lé e. Mo gbé ṣíbí tó ń dán síwájú rẹ̀, bí ẹni gbé e síwájú ògiri. Ìgbà yẹn ni mo gbé e tọ Nọ́ọ̀sì lọ, tí mo ní kó fa téèpù yọ. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò bá mi wí. Ìbá sàn kó gbá mi létí. Mo jókòó sórí pákó níbẹ̀, mo ń wo omi tó ń kọjá lábẹ́ ilé, mo sì sọ fún Ọlọ́run pé kó kúkú mú àwa méjèèjì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọkọ mi ló ní a ó gba òkun. Ẹ mọ òkun lásìkò ìgbì, ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbà á. Àfẹ̀mọ́jú la kúrò, a gba ojú òkun lọ sí apá Etikan níbi tí ìjà ò dé, a ti ibẹ̀ gba inú odò lọ sí Igbokoda. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí yẹn kí ìgbì má bàa jù ú. Omi bu sínú ọkọ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò kọrin, mi ò rí àdúrà kankan gbà. Mo kàn ń pe orúkọ ọmọ mi ṣáá, títí a fi gúnlẹ̀.

Nílé ìwòsàn ńlá, wọ́n lu ihò kékeré sí eegun orí rẹ̀, wọ́n ki rọ́bà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́, wọ́n gbà á lábẹ́ awọ láti ẹ̀yìn etí dé inú ikùn, kí omi orí lè máa ṣàn lọ síbẹ̀. Dókítà obìnrin tó ṣe é ní ọmọ á yè, orí ò sì ní tóbi mọ́. Ó ní ṣùgbọ́n omi náà ti tẹ iṣan ojú pẹ́ jù. Kò ní ríran. Ó ní òun ò tilẹ̀ lè ṣèlérí pé yóò sọ̀rọ̀.

Dókítà yẹn ń ṣe ìwádìí. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá gbé wá pẹ̀lú omi nínú orí, tàbí èyí tí wọ́n bí pẹ̀lú egbò ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ó ń kọ ìtàn wọn sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ délé ìwòsàn. Ó bi mí, “Ìyá, kí ló dá yín dúró?” Mo ní ìjà ni. Ó kọ ọ́: ìjà. Gbogbo ìyá tó wà ní wọ́ọ̀dù ló káàánú mi, mo sì gba àánú wọn bí ẹni jẹ oúnjẹ olóúnjẹ. Kò dà nínú mi. Nígbà tí a padà lọ fún àyẹ̀wò lọ́dún tó kọjá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: okùn, fífà, bóòtù tí mi ò wọ̀.

Mo rò pé yóò lé mi jáde. Kò pa ìjà rẹ́, ó kọ tèmi sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin nìkan kọ́, Ìyá. Àwọn kan á rí i pé fìlà ò wọ ọmọ wọn mọ́, wọ́n á kàn ra fìlà ńlá.” Ó fún mi ní téèpù, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní kí n máa bá òun wọn orí gbogbo ọmọ tuntun létí òkun wa. Téèpù náà nìyí. Kì í fà. Ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́, kó dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn, ẹ jọ̀ọ́, kó má gbọ́n bíi tèmi.

Ẹ má bi mí bóyá inú mi dùn. Ọmọ mi yè, mo dúpẹ́. Mo máa ń sunkún, mo ṣì ń dúpẹ́. Ó sì ń sọ̀rọ̀! Gbogbo òwúrọ̀ tó bá ti jí, á fọwọ́ wá ojú mi, á ní, “Ìyé, ilẹ̀ ti mọ́?” Ó ti jí báyìí, ó ń gbọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ jó sí irọ́ mi, ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀ sí òótọ́ mi. Ẹ bá mi pariwo halelúyà, kó ròkè dáadáa, kí ọmọ mi lè gbọ́ pé ilẹ̀ ti mọ́.