Èmi Ni Mo Parọ́ Mọ́ Nọ́ọ̀sì

Ẹ dá àwọn máṣíìnì yẹn dúró. Gbogbo yín, ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀, ẹ súnmọ́ mi. Ìwọ tí o wà lẹ́nu ọ̀nà, ti ìlẹ̀kùn, kí oníbàárà kankan má wọlé bá wa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Àǹtí Kékeré yín, àbúrò mi, lọ sí ọsibítù ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. Mi ò lè jókòó lójú kan, mi ò lè jẹun, mi ò lè gé aṣọ kó tọ́. Lónìí ni mo máa sọ ọ́. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi o, torí tí mo bá dákẹ́, mo lè má lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì tí ẹ ń ṣépè fún, tí ẹ dá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ padà láìrán, tí ẹ ń pòṣé sí tó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, kò ṣe nǹkan kan. Kò sọ fún àbúrò mi rí pé wàrà ló dì sí i lọ́mú. Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi Màdáàmù yín yìí, tí mo máa ń jágbe mọ́ yín tí ẹ bá purọ́ pé ẹ ti ká etí aṣọ tán.

Ẹ rántí ìgbà tí a gba iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé, tí kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ sí níbí. Ìgbà yẹn ni àbúrò mi fà mí lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì tí oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ kàn mí níbí." Mo fọwọ́ kàn án. Kókó kan wà lọ́mú òsì rẹ̀, ó le. Ó ní kò dun òun, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kí òun lọ fi hàn wọ́n ní ọsibítù. Ẹ mọ ohun tó jáde lẹ́nu mi? Mo ní, "Ta ló máa wá bá mi gé kọ́là?" Háà! Ọmọ ìyá mi ń fi kókó hàn mí, ọ̀rọ̀ kọ́là ni mò ń sọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ kọ́là gé bíi tiẹ̀. Mo ní kó jẹ́ ká kó aṣọ àwọn ọmọ yẹn lọ ná. Ó gbà, torí èmi ni ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́, kì í bá mi jiyàn.

A kó aṣọ lọ, iṣẹ́ mìíràn dé. Ó rán mi létí, mo tún ní kó ṣe sùúrù. Ẹ̀rù ti ń ba èmi náà nígbà yẹn, ẹ má rò pé mi ò lójú àánú. Mo rò pé tí ẹnikẹ́ni ò bá ti dárúkọ àìsàn yẹn, kò ní sí níbẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí! Gbogbo ìgbà tí mo bá wọn àbúrò mi, téèpù ń fi hàn mí pé ọmú òsì ń tóbi ju ti ọ̀tún lọ. Kí ni mo wá ṣe? Mo fi fóòmù sí àyà aṣọ rẹ̀ lápá ọ̀tún kí méjèèjì lè dọ́gba. Ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, tí kì í pẹ́ nílé, tiẹ̀ yìn mí: "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ti sọ ìyàwó mi di ọmọge padà." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ o, mo rẹ́rìn-ín!

Nọ́ọ̀sì wá wọn aṣọ iṣẹ́ tuntun. Àbúrò mi nawọ́ sókè láti mú aṣọ, ló bá dijú, ó di abíyá rẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì dúró títí àbúrò mi fi jáde lọ ra òwú, ó wá fà mí lápá. "Màdáàmù, kí ló ń ṣe àbúrò yín?" Mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ jẹ́ kó wá bá mi láàárọ̀ ọ̀la, èmi fúnra mi á mú un lọ bá dókítà. Tí kókó kò bá dun èèyàn, ìyẹn ò ní kéèyàn fọkàn balẹ̀. Tí a bá tètè rí i, wọ́n lè tọ́jú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ibi tó burú jù la dé yìí, ẹ má wo ojú mi. Àbúrò mi ti rí wa láti ìta. Bó ṣe wọlé, ó ní, "Kí ni Nọ́ọ̀sì sọ?" Aṣọ kún orí tábìlì, a ò tíì gé kọ́là kan ṣoṣo. Irọ́ sì jáde lẹ́nu mi wọ́ọ́rọ́wọ́: "Ó ní wàrà ló dì síbẹ̀ nígbà tí o já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ó ní kí o máa fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́, á yọ́." Ọmọ yìí mí kanlẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Mo ti rò pé jẹjẹrẹ ni o, ẹ̀gbọ́n mi!" Ó jókòó, ó gbé sísọ́ọ̀sì, ó ń kọrin. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì tún béèrè, mo ní a ti lọ sí ọsibítù mìíràn, wọ́n ní kò sí nǹkan.

Ìgbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún tí kò lè dìde mọ́ ni ọkọ rẹ̀ gbé e lọ. Dókítà ní, "Níbo lẹ wà látọjọ́ yìí?" Jẹjẹrẹ ni, ó sì ti ràn dé eegun ẹ̀yìn. Wọn ò lè mú un kúrò mọ́, ṣùgbọ́n oògùn wà tó lè dín ìrora kù, tó sì lè jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Àbúrò mi kọ̀ jálẹ̀. "Nọ́ọ̀sì yín kan ló ní wàrà ni. Òpùrọ́ ni gbogbo yín. Mi ò gba abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni!" Ó kọjú sí ògiri. Gbogbo wa ń bẹ̀ ẹ́. Èmi náà ń bẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí irọ́ mi ń pa á lọ níbẹ̀!

Mo sọ fún un láàárọ̀ yìí. Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ohun tó sọ ò ju, "Ẹ bá mi pe Nọ́ọ̀sì. Mo ti ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ." Nígbà tí Nọ́ọ̀sì dé, àbúrò mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì na apá fún abẹ́rẹ́. Èmi dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi jáde.

Ẹ lọ bẹ Nọ́ọ̀sì. Ẹ má bá mi bẹ àbúrò mi, ìyẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mo mọ bí mo ṣe máa ń ṣe tí iṣẹ́ bá pọ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bẹ̀rù mi. Tí ẹnì kan bá wà nínú yín tó ń fi nǹkan pamọ́ lára nítorí ẹnu mi, kó dìde báyìí. Bàtà mi ti wà lẹ́sẹ̀, ká jọ máa lọ sí ọsibítù.