Àgbàdo Òkè Ìdáná

[Fóònù ń dún. Atẹ́gùn.]

SAFIYAT: Hẹ́lò? Jàrátù? Salamu alekumu.

JÀRÁTÙ: Wa alekumu salam, ìyáálé mi. Ẹ kú ìwé o. Ìlọrin ńkọ́?

SAFIYAT: Ó wà. Exam nọ́ọ̀sì yìí ò jẹ́ ká mí. Ọkọ wa ńkọ́?

JÀRÁTÙ: Wọ́n ti lọ oko. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ l'Ókè-Ọdẹ lánàá! Òórùn ilẹ̀ ń ta sánsán—

SAFIYAT: Ọmọ mi dà?

JÀRÁTÙ: Ẹ̀yìnkùlé la wà. Ó ń lé labalábá. Ẹrẹ̀ dé eyín ẹ̀! [Ẹ̀rín]

SAFIYAT: Kí lẹ ń fi ẹrẹ̀ ṣe?

JÀRÁTÙ: À ń gbin— [ariwo]

SAFIYAT: Ẹ ń ṣe kí ni? Ṣé o gbọ́ mi?

JÀRÁTÙ: Mo ní à ń gbin àgbàdo!

SAFIYAT: Àgbàdo wo?

JÀRÁTÙ: Èyí tó wà lókè ìdáná.

SAFIYAT: Jàrátù! Èyí tí mo so sínú èéfín fún àkọ́gbìn ọmọ mi? Nílé wa ní Bàbáńlá, ìyá tó bímọ ló ń bá ọmọ gbin àkọ́gbìn ẹ̀. Ìyá tó bí i!

JÀRÁTÙ: Mi ò mọ̀, ìyáálé mi. Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ mi. Ọmọ ló fà mí lọ́wọ́, ó ní ilẹ̀ ti rọ̀—

SAFIYAT: O bá mi pín ọkọ, mi ò jà. Ṣé ọmọ náà ló kù? Mò ń jowú, kí n má purọ́! Ta ló di ọwọ́ ẹ̀ mú?

JÀRÁTÙ: Kò sẹ́— [ariwo] —òun gan-an ló—

SAFIYAT: Ṣé o gbọ́ mi? Gbé fóònù fún un!

[Ẹsẹ̀ ọmọdé ń sáré]

QONITAH: Mọ́mì! Ẹyọ mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gbìn sí ihò kan! Ọ̀kan tiwa, ọ̀kan ti àparò, ọ̀kan ti ilẹ̀. Àǹtí ò mọ̀ ọ́n rárá! Wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo ní “No!” Èmi ni mo kọ́ wọn.

SAFIYAT: Qonitah... ta ló kọ́ ìwọ? Ta ló sọ ti àparò fún ẹ?

QONITAH: Mi ò mọ̀. Mo ṣáà mọ̀ ọ́n. Mọ́mì, ẹ wá, màá kọ́ ẹ̀yin náà.

SAFIYAT: Èmi ni! Léṣìí, nígbà tí mo pọ̀n ẹ́ lọ síbi ebè, èmi ni mo ń sọ ọ́ sí ẹ létí— Ṣé o gbọ́ mi? Qonitah, èmi ni! Ṣé o—

[Ìpè já.]